Amọ̀ Tí Mo Fi Sórí Pístọ̀nù

Títí di òní yìí, bí òórùn epo àtùpà bá da pọ̀ mọ́ òórùn ìyẹ̀fun àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́nu ọlọ irin, ọkàn mi á padà sí àgọ́ ẹ̀rọ Tàǹtí mi ní Pọbẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà Ahoyéyé. Páànù ni wọ́n fi bo àgọ́ náà. Ìyẹ̀fun bo ilẹ̀ rẹ̀ débi pé bí adìẹ bá gba ibẹ̀ kọjá, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ á hàn kedere, àní ti aláǹgbá pàápàá. Àárín àgọ́ ni ẹ̀rọ náà dúró sí lórí símẹ́ǹtì, kẹ̀kẹ́ irin ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ga dé àyà mi. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa a máa gbọ̀n, ara mi a sì balẹ̀, nítorí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni retí pé kí n sọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o mọ̀ mí lónìí máa ń sọ pé ojú ń tì mí jù. O ò rí mi nígbà náà. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò nílé ìwé kí bàbá mi tó sọ pé ó tó. Ìyá mi ń mọ ìkòkò ní ìhà Ìsàbà, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú tó sì ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀ lásìkò òjò, èmi náà sì ti fọwọ́ kan amọ̀ kí n tó mọ ìwé. Nígbà tí mo kúrò nílé ìwé, ó fà mí lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ ní Pọbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ yìí ni mò ń pè ní Tàǹtí. Ọkọ Tàǹtí ló ra ẹ̀rọ ìlọgbàdo náà, ọkọ náà sì ti kú ní bí ọdún kan ṣáájú ohun tí mo fẹ́ sọ. Tàǹtí ò bímọ fún un.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àsíá tuntun ti ń fẹ́ níwájú ilé ìjọba, àmọ́ ilé Komandáǹ, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso tẹ́lẹ̀, ni àwọn àgbà ṣì ń pe ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà lórí ìwé, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń pín ogún kò yí padà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Tàǹtí ni olórí ẹbí, àgbẹ̀ kan tó ń gbé ní Yoko lọ́hùn-ún ní ìhà Ṣakẹ́tẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ogún, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún Tàǹtí, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan lé e lójú gbogbo ilé. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó bá ń ṣiṣẹ́, ti ẹni tó ń lò ó ni. Bí ó bá kú, irin òkú ni. Ẹbí ló sì ni irin òkú." Tàǹtí kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Kò sí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ náà máa tètè wúlò.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, ẹ̀rọ kú. A gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹ̀ka ìrókò bá já, kẹ̀kẹ́ ńlá náà sì dúró gbọn-in. Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, irin kan wà tí wọ́n tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́. Bí irin wíwọ́ yìí bá ṣe ń yí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti pístọ̀nù lọ sókè, tí yóò sì máa fà á padà wá sísàlẹ̀ nínú ihò ẹ̀rọ. Pístọ̀nù náà dà bí ife irin tí a dojú rẹ̀ dé. Lórí ihò yẹn ni wọ́n ti máa ń fi irin wúwo kan bò ó tí wọ́n á sì fi bulọ́ọ̀nù, àwọn ìṣó oníyíyí, dè é pinpin. Èmi ń pè é ní ọmọrí, nítorí ọmọrí ló jọ lójú mi. Irin wíwọ́ wa ló ṣẹ́ sí méjì, ó sì fọ́ pístọ̀nù pẹ̀lú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ̀gbọ́n ọkọ Tàǹtí ti dé láti Yoko. Ó yí ẹ̀rọ náà po, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ̀rọ yìí ti kú."

"Àìsàn ló ń ṣe é, Bàbá."

"Àìsàn tó bá ju ọjà mẹ́ta lọ, orúkọ mìíràn ni à ń pè é."

Ó wá là á kalẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kẹta sí ìgbà náà, òun á mú kámíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, wá. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ àgbàdo, kámíọ̀ á padà lófo. Bí kò bá lọ ọ́, irin ni kámíọ̀ máa gbé, ẹnì kan ti wà ní Ṣakẹ́tẹ́ tó fẹ́ kẹ̀kẹ́ ńlá náà. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Bí ẹni tó ń sọ ìgbà tí a máa kórè ẹ̀pà ló ṣe sọ ọ́, ohun tó sì dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá lọ, Tàǹtí ò ní ìdí kan mọ́ láti máa gbé nílé ọkọ. Ọwọ́ òfo ni yóò fi padà sílé bàbá rẹ̀. Ó wà nínú ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá, láti ọjọ́ náà ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Á wọ aṣọ funfun láàárọ̀, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ síbi àdúrà, á padà wá jókòó ti ẹ̀rọ náà, ìyẹ̀fun àtijọ́ a sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Mẹkaníìkì kan wà ní Ṣakẹ́tẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ Tàǹtí. Patirọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀gá, ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó wá ibi tí yóò ti rí irin wíwọ́ mìíràn kiri. Irú tiwa kò sí ní Ṣakẹ́tẹ́, kò sì sí ní Àjàṣẹ́. Ohun tó rí ni ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀rọ wa, ẹ̀rọ kan tí ọwọ́ kan náà ṣe ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, tó ti ń dípẹtà nínú igbó lẹ́yìn ilé ìfúnpo kan tí wọ́n ti pa tì. Ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì wọlé síbi tó yẹ. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nìkan ló gùn ju ti àtijọ́, níwọ̀n ìnípọn etí ìkòkò ọbẹ̀ kékeré. Inú Patirọ́ọ̀nù tilẹ̀ dùn sí i.

"Tàǹtí, ẹ̀rọ yín á lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ó ní. "Ẹni tí apá rẹ̀ gùn ló ń gún iyán kúnná."

Ó wá ku pístọ̀nù. Èmi àti Tàǹtí bá a lọ sí Ṣakẹ́tẹ́ láti lọ yàn án. Àpótí kan wà ní gáráàjì rẹ̀ tí pístọ̀nù àlòkù àti tuntun kún inú rẹ̀, márùn-ún ló sì jọ tiwa. Ó ti gé ọ̀pá oparun kan bá ìbú ihò ẹ̀rọ wa mu. Ó fi ń wọn pístọ̀nù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ò bá a mu. Méjì ló bá a mu rẹ́gí. Ọ̀kan ga, ó ń dán, bébà tí wọ́n fi ọ̀rá pa ṣì wà lára rẹ̀. Èkejì kúrú, eruku bò ó, alántakùn ti ṣe ilé sínú rẹ̀.

"Ta ló gé eléyìí lẹ́sẹ̀?" Patirọ́ọ̀nù ní, ó sì sọ èyí tó kúrú padà sínú àpótí. Ó gbé èyí tó ń dán fún Tàǹtí kó fọwọ́ kàn án. "Ẹ wò ó. Ìyàwó tuntun ni mo mú wá fún yín."

Tàǹtí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti kú. Wọ́n ní kí n fi epo àtùpà fọ pístọ̀nù gíga náà. Níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni mo ti rí ihò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí ọ̀pá tó so ó mọ́ irin wíwọ́ ti ń wọlé. Mi ò mọ ohun tó mú mi na ọwọ́ sínú àpótí mú èyí tó kúrú náà. Nínú tirẹ̀, ihò yẹn sún mọ́ orí. Mo fa fọ́nrán òwú kan yọ létí ìró mi, mo wọn ti àkọ́kọ́ láti ihò dé orí, mo wọn ti èkejì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn tó ìnípọn etí ìkòkò ọbẹ̀ kékeré.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú òwú lọ́wọ́. Ohun náà yé mi bí ìgbà tí omi bá tòrò tí èèyàn sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìgbọ̀nwọ́ tuntun bá ń ti pístọ̀nù lọ sókè ju ti àtijọ́, orí pístọ̀nù gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ níwọ̀n bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò lọ kan ọmọrí. Ṣùgbọ́n ta ni mí? Patirọ́ọ̀nù ti ń tún ẹ̀rọ ṣe kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á dé. Ohun kan ṣoṣo tó jáde ni pé:

"Patirọ́ọ̀nù, ṣé a lè mú èyí náà dání?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Aràrá yìí? Mú un, ọmọ Tàǹtí. Fi ṣe ọmọláńgidi, kó o máa pọ̀n ọ́n."

Mo dì í sínú àpò. Láàárín ọjọ́ tó kù, mo ní yóò dára kí n sọ fún Tàǹtí, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá sún mọ́ ọn, ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ fún ìrètí, mi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa iná náà. Mo ń sọ fún ara mi pé Patirọ́ọ̀nù á rí i fúnra rẹ̀.

Ó rí i o, ṣùgbọ́n kò kà á sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà kẹta, ó ti to irin wíwọ́ àti pístọ̀nù gíga náà sínú ẹ̀rọ. Kí ó tó fi ọmọrí bò ó, ó yí kẹ̀kẹ́ ńlá, pístọ̀nù sì gòkè títí orí rẹ̀ fi yọ díẹ̀ lẹ́nu ihò, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Patirọ́ọ̀nù dúró, ó fi àtàǹpàkò pa á lórí, ó ní, "Kò burú. Inú ọmọrí jìn, á gba orí rẹ̀."

Àsìkò náà gan-an ni kámíọ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Tàǹtí bọ́ sílẹ̀, ọkùnrin méjì alágbára tẹ̀ lé e pẹ̀lú okùn. Àwọn obìnrin tó ń lọ sọ́jà pẹ̀lú igbá àgbàdo dúró láti wòran. Patirọ́ọ̀nù nu ọwọ́, ó jáde lọ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà, Tàǹtí náà sì jáde lọ gbé omi fún un. Ó ku èmi àti ẹ̀rọ tó ya ẹnu sílẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá mi máa ń ṣe. Bí ó bá mọ ìkòkò tí yóò ní ọmọrí, kì í fi ojú mọ̀ bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Á já amọ̀ rírọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí etí ìkòkò náà, á gbé ọmọrí lé e jẹ́jẹ́, á tún ṣí i. Ibi tí amọ̀ bá nípọn, àyè wà níbẹ̀. Ibi tí ó bá ti fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ló ti kan ara wọn. Amọ̀ Ìsàbà tí ìyá mi fi ránṣẹ́ fún títún àdògán ṣe wà nínú igbá nílé ìdáná, mo sì ti rẹ ẹ́. Mo sáré já ìṣù kékeré mẹ́rin, mo tẹ̀ wọ́n mọ́ orí pístọ̀nù lọ́nà mẹ́rin. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n bí ó bá kan amọ̀. Èrò mi ni pé bí Patirọ́ọ̀nù bá padà wọlé, á rí amọ̀ náà, á bi mí, ìbéèrè rẹ̀ á sì fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi.

Kò rí i. Ó wọlé pẹ̀lú ìkánjú, ó ń bá bàbá náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èjìká, ó gbé ọmọrí lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de bulọ́ọ̀nù. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bulọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, mo ní mo máa sọ. Ìkejì. Ìkẹta. Nígbà tó dè wọ́n tán, ó yí kẹ̀kẹ́ ńlá náà pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí pístọ̀nù dé òkè, kẹ̀kẹ́ náà wúwo, ó sì fẹ́ dúró.

"Ó le," bàbá náà sọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Òrùka tuntun tó wà lára pístọ̀nù ni, Bàbá. Á rọ̀ bí ó bá gbóná."

Ó rọ epo gásóòlì sí i, ó mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ jí, ó fi í sí ipò. Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí mo ti ṣe. Bí ẹ̀rọ náà bá jí báyìí, ọmọrí kan ṣoṣo tí a ní á fọ́, amọ̀ á sì wà nínú rẹ̀, wọ́n á rí i, wọ́n á ní èmi ni mo bà á jẹ́. Kódà bí pístọ̀nù náà bá tilẹ̀ dára, èmi ni mo ti fi erùpẹ̀ sínú ẹ̀rọ Tàǹtí. Eékún mi ló kọ́kọ́ gbọ́ràn. Mo kúnlẹ̀ gbì nínú ìyẹ̀fun.

"Patirọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí i. Mo fi nǹkan sínú rẹ̀."

Ìwọ náà mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń túmọ̀ sí ní ìlú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin olókùn náà fi ẹ̀yìn rìn jáde. Obìnrin kan lẹ́yìn ní, "Mo ti ń wo ọmọ yìí. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀." Bàbá náà wọlé wá, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ yí padà.

"O fi kí ni sínú ẹ̀rọ àbúrò mi?"

Tàǹtí ti dúró sáàárín àwa méjèèjì. "Ta ló rán ọ?" ó bi mí. "Ta ló fún ọ ní oògùn?"

"Amọ̀ ni, Tàǹtí. Amọ̀ àdògán ni."

Patirọ́ọ̀nù fi ọ̀pá sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Kò bá mi wí, ó kàn mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń tú bulọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, ó ń jù wọ́n sínú àwo, a sì ń gbọ́ ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí ọmọrí kúrò, ó tẹ̀ ba láti yọ ẹ̀gbin mi kúrò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú afẹ́fẹ́. Lọ́nà méjì, amọ̀ náà ti fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Lọ́nà méjì yòókù, ó ti gé, irin sì ti fi àpá tuntun sára irin.

Ó fi èékánná ha amọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Irin máa ń wú bí ó bá gbóná," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí mi. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyá mi. Ọmọrí ìkòkò ni wọ́n fi ń ṣe é."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Mo fa òwú tí mo ti dì sí etí ìró jáde, mo nà án sí i. Ó gbà á, ó wọn pístọ̀nù, ó wọn ìgbọ̀nwọ́ tuntun mọ́ èyí tó ṣẹ́, ó sì nu ojú.

"Lọ gbé ọmọláńgidi rẹ wá," ó ní.

Bàbá náà béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Patirọ́ọ̀nù dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì láàárọ̀ náà. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo ṣì í. Ọmọ yìí ló rí i. Ẹ fún mi títí oòrùn á fi wọ̀." Bàbá náà wo kámíọ̀ rẹ̀, ó wo oòrùn, ó wò mí. "Ọjà kò tíì tú," ó ní, ó sì lọ jókòó lábẹ́ igi.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n parí. Patirọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí n já amọ̀ sórí pístọ̀nù kúkúrú náà, lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tó ṣí i, amọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì nípọn bí àpáàdì àwo. Mo fi aṣọ nù wọ́n kúrò, mo fi epo àtùpà fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi ọmọrí bò ó. Ìyípo àkọ́kọ́, ó húkọ́. Ìkejì, kò dáhùn rárá. Mo gbọ́ tí Tàǹtí ń gbàdúrà láìgbé ohùn sókè. Ní ìkẹta, èéfín dúdú jáde lójú páìpù, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bàbá náà ò lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ igbá àgbàdo kan fún òun rí. Obìnrin tó ti pè mí ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ló da tirẹ̀ sí i. Nígbà tí ìyẹ̀fun jáde, bàbá náà fi ìka kan bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó fi ìka kejì nu ètè. "Ìyẹ̀fun ni," ó ní. Ó pe àwọn ọkùnrin rẹ̀, kámíọ̀ sì padà sí Yoko lófo.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Tàǹtí ṣì ń lọ àgbàdo ní Pọbẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn náà, wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé ọgbọ́n ni mo fi gbà á là, ojú sì máa ń tì mí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Mo ti mọ òótọ́ náà láti Ṣakẹ́tẹ́. Mo gbé e sínú àpò, mo sì dákẹ́, mo ń pe ìdákẹ́jẹ́ mi ní ọ̀wọ̀ fún àgbà. Nígbà tí ó di kàn-ńpá, ọwọ́ mi ni mo rán níṣẹ́ dípò ẹnu, mo sì fi nǹkan pamọ́ sínú ohun tí kì í ṣe tèmi. Díẹ̀ ló kù kí amọ̀ tó yẹ kó gba ẹ̀rọ náà là di ohun tí wọ́n á fi lé Tàǹtí kúrò nílé. Ohun tó ya ìgbàlà àti ìbàjẹ́ náà sọ́tọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, tí mo sọ lórí eékún, tí mo tilẹ̀ sọ ọ́ ní ọ̀nà tó burú jù lọ. Ojú ṣì ń tì mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí ohun tó fẹ́ kan ọmọrí báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, bí ohùn mi tilẹ̀ ń gbọ̀n, kí n tó na ọwọ́.